Ewé tí Bernini gbẹ́ sára òkúta, àti ohùn olùkọ́ wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ nílùú Oǹdó. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtàn ère gbígbẹ́ ní ohùn kan tí kò jọ ti ará ibí, tí kò sì jọ ti òyìnbó orí rédíò. Ó ń pe “Bọrgésè”, “kiaroskúrò” àti “bọtsẹ́tò”. Bí mo bá wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe kọ wọ́n, n kì í rí nǹkan kan. Ó tún ní Bernini, agbẹ́ère ará Ítálì kan láyé àtijọ́, gbẹ́ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára òkúta mábù. Kí ló dé tí kò fọ́? Ṣé a lè dán irú rẹ̀ wò níbí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ yín kò ṣì í pè. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pè é ló ń pè é. Lédè wọn, bí “ch” tàbí “gh” bá ṣáájú “e” tàbí “i”, ẹ pè é ní “k” tàbí “g” lásán. “Zz” inú èyí tó kẹ́yìn ń dún bíi “ts”. Nítorí náà, ẹ wá Borghese, chiaroscuro àti bozzetto. Kádínà Scipione Borghese ló gbé iṣẹ́ ère náà fún Bernini. Ìmọ́lẹ̀ òun òjìji nínú iṣẹ́ ọnà ni èkejì. Ère kékeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ láti dán èrò wò ni ẹ̀kẹta. Ẹ ní kí olùkọ́ máa kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sójú pátákó, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ewé ló gba àlàyé. Apollo and Daphne ni ère yẹn, ọdún 1622 sí 1625 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó ga tó mítà 2.43, ó sì wà ní Galleria Borghese ní Róòmù. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ló ti wá: Daphne, ọmọbìnrin náà, ń di igi bí òrìṣà Apollo tó ń lé e ṣe ń bá a, ewé sì ń yọ níka ọwọ́ rẹ̀. Giuliano Finelli, tó ń bá Bernini ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ nínú ewé àti irun wọ̀nyẹn gan-an. Kò yẹ kí orúkọ ọ̀gá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mábù lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́. Bí òòlù bá ń lu irin lórí ibi tó ti fẹ́lẹ́, ó máa kán. Dìrílì ni wọ́n fi ń dá ihò tẹ̀ léra wọn, wọ́n á fi òkúta díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ihò kan sí èkejì kí ewé má baà mì. Ìgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí ni wọ́n ń gé ìyẹn kúrò, wọ́n á wá fi fáìlì àti òkúta tó ń ha nǹkan dán an. Ẹ̀là inú òkúta nìkan ni kò gbóògùn: ní 1632, ẹ̀là yọ níwájú orí ère Kádínà Scipione fúnra rẹ̀, Bernini sì gbẹ́ òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ fi irin kan òkúta. Èyí tó bá dún gooro ló dára, èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ má fi òkúta Ìdànrè dán an wò rárá. Gíráníìtì ni, ó le ju irin yín lọ. Mábù wà ní Ìgbẹ́tì, àmọ́ POP, ìyẹ̀fun funfun tó ń dì bí a bá fi omi pò ó, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kílò 1.5 sí omi lítà 1. POP ni ẹ máa wọ́n sínú omi, ẹ má da omi lé POP, yóò di kókó. Ẹ jẹ́ kó mu omi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rò ó jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rò ó jù, yóò yára dì.

Ẹ gbẹ́ ẹ nígbà tó ti dì ṣùgbọ́n tí ó ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kí ewé nípọn tó mìlímítà 8, kí ẹ fi dìrílì mìlímítà 3 dá ihò sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá fá etí rẹ̀ nìkan di fẹ́lẹ́. Ìdí ewé gbọ́dọ̀ nípọn. Etí ni ojú ń rí. Bí ó bá gbẹ, ewé ìpín ń dán an dáadáa. Ẹ bo imú, ẹ má sì fọ ike tí ẹ fi po POP sínú kòtò ìwẹ̀, torí POP á dì sínú páìpù.