Ọkọ̀ mi kò lágbára mọ́, owó ẹ́ńjìnnì kò sì sí: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Olùkọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ń gbé. Camry ọdún 1998, èyí tí wọ́n ń pè ní Pencil Light, ni mò ń lò, oní-sílíńdà mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń lọ sí Ìlọrin, kíá ni mo máa ń ya tírélà sílẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá tẹná mọ́lẹ̀, ariwo ni yóò kàn máa pa, kò ní sáré. Ó ń mu epo bí ẹni mu omi, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì máa ń dúdú. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà péré ni mo rí kó jọ. Ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó epo. Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lápò yín ná. Ohun tí ẹ kọ kò jọ ti ẹ́ńjìnnì tó kú. Èyí tó kú á máa jẹ ọ́ìlì, á máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù, á sì máa ṣòro láti jí láàárọ̀. Ẹ kò dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Epo tó ń tán kíákíá àti púlọ́ọ̀gì tó dúdú ni ẹ sọ, ibì kan náà ni méjèèjì sì ń tọ́ka sí: epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a rìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Ṣé thermostat, ìdérí kékeré tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ṣì wà nínú ọkọ̀ yìí? Ẹ rọra bi mẹkáníìkì yín, ẹ má bá a jà. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la ti yọ ọ́ dànù lára ọkọ̀ oníbàárà. Èmi náà yọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: tí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, yọ thermostat, kí o sì so fáànù mọ́ iná tààrà kó máa yí láìdúró. Gbígbóná náà á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó dí, tó fa ìgbóná, ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ó dùn mí pé ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń bà jẹ́.

Thermostat ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é fẹ́. Lórí Camry yín, nǹkan bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi tútù á máa yí ká ṣáá, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu rédíétọ̀. Ẹ̀yà kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí omi ṣe gbóná tó. Tó bá ń sọ pé ó ṣì tutù, kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí ẹni pé àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa fi epo kún epo. Ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Epo tí kò jóná tán á di èédú lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, òmíràn á ṣàn sínú ọ́ìlì, á sì sọ ọ́ di ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Jíà náà kò gbẹ́yìn: ọkọ̀ ọ̀tọ̀máátíìkì bíi ti yín kì í fẹ́ wọ jíà tó kẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fa ariwo tí kò mú eré wá yẹn.

Ẹ lè fi ojú ara yín dán an wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo géèjì ìgbóná. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró nítòsí àárín. Tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, tàbí tó ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, thermostat kò sí níbẹ̀, tàbí kó ti ṣí sílẹ̀ kó má lè padé mọ́.

Tuntun ni kí ẹ rà, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná: kí omi tó hó, ó yẹ kó ti ṣí; tó bá tutù, kó padé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sí i kí wọ́n tó fọ rédíétọ̀, kí rewáyà sì ti dá fáànù padà sí bó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́. Bí rédíétọ̀ bá ṣì dí, ọkọ̀ á gbóná, gasket orí ẹ́ńjìnnì (awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) lè jó, ìnáwó yẹn á sì ju ti ìṣáájú lọ. Kúláǹtì ni kí ẹ dà sí i. Omi kànga àti ti bóhòlù wa níbí ń fi nǹkan funfun sílẹ̀, bí èyí tí ẹ ń rí nídìí kẹ́tùrù. Irú rẹ̀ gan-an ló ń dí rédíétọ̀.

Ohun mìíràn tí kò náwó ni bíréèkì. Obìnrin kan gbé ọkọ̀ wá bá mi láti Ọ̀yọ́, wọ́n ti pààrọ̀ fúẹ́lì pọ́ọ̀mpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò lágbára. Bíréèkì ẹ̀yìn ló di táyà mú. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Ẹ wo atẹ́gùn táyà náà. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ ṣe ń tú wọn, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúdú gbẹrẹfu bí ìdí ìkòkò, ọ̀rọ̀ thermostat tí mo sọ ni, tàbí fílítà afẹ́fẹ́ tó dí. Bí ọ̀kan péré bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, sílíńdà yẹn ló ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì yín jẹ́ mìlímítà 1.1. Ẹ ra ojúlówó tó mọ níwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ kò nílò èyí tó wọ́n jù. Ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ náà bí ọyẹ́ bá ti kó eruku sí i. Mo mọ àwọn tó ń yọ fílítà kúrò kí ọkọ̀ lè mí dáadáa. Iyanrìn ni wọ́n ń fún ẹ́ńjìnnì jẹ. Agolo kan oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ ti tó láti nu ẹnu throttle, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mọ́. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú táǹkì kó lè fún ọkọ̀ lágbára, àti gígé sàlẹ́ńsà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ ṣíná láìtíì jí ọkọ̀, kí ẹ wo iná check engine. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ kí ó tó tà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí gbogbo èyí bá parí tí kò yí padà, ẹ sọ pé kí wọ́n fi géèjì wọn compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta, kí bátìrì lágbára, kí ẹnì kan sì tẹná dé ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. 178 psi (òṣùwọ̀n tó wà lójú géèjì náà) ni ti ẹ́ńjìnnì yín nígbà tó ṣì le. Kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 142 lọ, ìyàtọ̀ sílíńdà kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì tó wà lára písítíìnì ló jẹ. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gasket ni, a sì lè tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe láìpààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá wá di dandan pé kí ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi géèjì kan náà wọn tirẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.