Ara ti fọn, awọ ṣẹ́kù: ṣé kí n lọ gé e?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 44 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ní Iléṣà. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kílò 126 ni mo wọ̀n. Wọ́n ní mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀rù bà mí, mo dín oúnjẹ kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, mi ò sì fi oògùn mi ṣeré. Kílò 79 ni mí báyìí, ṣúgà náà ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ ikùn mi rọ̀ wálẹ̀ títí dé itan, apá mi ń fì tí mo bá gbé e sókè. Abẹ́ ikùn náà kì í gbẹ, ó ń yún mi, ó sì máa ń rùn nígbà mìíràn bí mo tilẹ̀ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ọjà ń bi mí pé ṣé kò sí o. Ọmọ mi obìnrin ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gé awọ náà kúrò. Ọkọ mi ní fáàrí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí ara rẹ̀ le kì í dédé lọ fi ara rẹ̀ fún abẹ. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ, Iléṣà.

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìfaradà. Kílò 47 tí ẹ bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a kì í fi iyán ṣeré. Ti àwọn ará ọjà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fọn, àìsàn ni wọ́n ń fura sí, ẹ ò sì lè di gbogbo ẹnu. Ẹ má tìtorí wọn lọ dùbúlẹ̀ ní tíátà. Ojú ara tí abẹ kàn tán, wọ́n á tún rí nǹkan mìíràn wí sí i. Ohun tí èmi máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá bá mi ní Ifẹ̀ níbí ni pé: kí ni awọ yìí ń fi ojú yín rí láti àárọ̀ dalẹ́? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló yẹ kó pinnu.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: awọ náà kò ní padà fúnra rẹ̀. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà nínú awọ tó ń jẹ́ kó lè nà, kó sì tún sún kì. Bí ara bá ti sanra fún ọdún púpọ̀, àwọn fọ́nrán wọ̀nyẹn á ti já, kò sì sí ohun tí a lè fi so wọ́n. Oyún, ọjọ́ orí àti sìgá máa ń dá kún un. Ọmọ ogún ọdún tó bọ́ kílò díẹ̀ lè dúró fún ọdún kan tàbí méjì kí awọ rẹ̀ tún sún díẹ̀ sí i. Ti yín ti kọjá ibẹ̀. Torí náà ẹ má ná owó aṣọ títà yín sórí ìpara, òróró tàbí bẹ́líìtì tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Eré ìdárayá dára, iṣan á kún apá, ẹ̀yìn á le, ṣùgbọ́n ikùn tó ti bo abẹ́ kò ní torí rẹ̀ gòkè.

Lálẹ́ ọ̀la, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan fúnra yín. Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn náà sókè, kí ẹ wo ibi tó ti ṣẹ́ po mọ́ ara. Ṣé ó ti dúdú ju ibi tó kù lọ? Ṣé ó bó, àbí ó lanu? Ẹ fi aṣọ funfun rírọ̀ nù ún, kí ẹ wo aṣọ náà bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi ìka mú awọ náà. Bó bá fẹ́lẹ́, awọ lásán ni. Bó bá nípọn tó sì wúwo lọ́wọ́, ọ̀rá ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kílò díẹ̀ ṣì wà láti bọ́. Níbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí náà, ẹ húkọ́. Bí nǹkan bá yọ láàárín ikùn tàbí ní ìdodo, ẹ sọ fún dókítà, torí ìfun lè ti ń gba ibẹ̀ jáde, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ kó tó di pé wọ́n fi abẹ kàn yín.

Èyí tó ń yún tó sì ń rùn yẹn, ooru àti òógùn tó há sábẹ́ awọ ló ń fà á, kòkòrò tó ń fa làpálàpá sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tirẹ̀ máa ń le jù. Ẹ má dúró de iṣẹ́ abẹ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ wẹ̀, ẹ rọra nù ún, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, kí ẹ wá tẹ́ aṣọ òwú funfun tó mọ́ sí ibi tó ṣẹ́ po, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ìpara clotrimazole lásán, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Mo ní lásán, torí ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo nǹkan, stéróìdì wà nínú wọn. Á rọ̀ yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìpara abóra náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí obìnrin tí ara rẹ̀ ì bá tètè jinná bá dé ọ̀dọ̀ wa tí ìpara ti jẹ awọ rẹ̀ débi pé okùn ìránṣọ kò rí nǹkan gidi dì mú. Bí ẹ bá ń lo irú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró láti òní, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà láìtijú.

Nígbà kọ̀ọ̀kan tí egbò bá yọ lábẹ́ ikùn, ẹ lọ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín. Ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, NHIA, kì í sanwó iṣẹ́ abẹ ẹwà. Tí fáìlì bá fi hàn pé egbò ni, léraléra, ó kéré tán ẹ ní ẹjọ́ tí ẹ lè rò.

Ní ti ọkọ yín, ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Awọ tó ń dá egbò sí ènìyàn lára, tó ń jẹ́ kó máa fi ọwọ́ gbé ikùn kó tó lè rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Bí ẹ bá tọ́jú abẹ́ ikùn yẹn bí mo ṣe wí fún bí oṣù mẹ́ta, tí egbò náà ṣì ń padà wá, èrò tèmi ni pé kí ẹ ṣe ti ikùn. Bó bá san, tó jẹ́ pé dígí nìkan ló kù tó ń bà yín nínú jẹ́, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú nínú rẹ̀. Ti apá, mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná. Àpá rẹ̀ máa ń gùn láti abíyá dé ìgbọ̀nwọ́, bùbá alápá kékeré kò sì lè bò ó. Àpá àwa tí ara wa dúdú a sì máa wú, a máa ga, a máa yún nígbà mìíràn. Tí ibi tí wọ́n ti gún yín létí tàbí ibi abẹ́rẹ́ kan bá ti wú bẹ́ẹ̀ rí lára yín tàbí lára àwọn òbí yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Iṣẹ́ abẹ ikùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹyọ kan, méjì ni. Nínú èkíní, awọ tó rọ̀ wálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé kúrò. Nínú èkejì, wọ́n tún máa ń fi okùn fa iṣan ikùn tó ti là sọ́tọ̀ nítorí oyún pọ̀, wọ́n á sì gbé ìdodo sí àyè tó yẹ ẹ́. Ìkejì gùn ju èkíní lọ, owó rẹ̀ ju ti èkíní lọ, ewu rẹ̀ náà sì pọ̀ jù ú. Ẹni tó jẹ́ pé egbò ni wàhálà rẹ̀, èkíní lè tó o. Ẹ bi dókítà pé èwo ló ní lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹjọ́ tiwọn, ẹ má fojú di wọ́n. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Àpá rẹ̀ ń lọ láti ìbàdí kan dé ìkejì, a máa ń gbìyànjú kí pátá lè bò ó, ó sì máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣá. Omi lè gbá jọ sábẹ́ awọ. Ojú ọgbẹ́ lè là, ó lè gba kòkòrò, èyí sì wọ́pọ̀ lára ẹni tó ti sanra rí àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ kó sì gun ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbé aláìsàn dìde rìn láti ọjọ́ kìíní, bó tilẹ̀ ń dùn ún. Lẹ́yìn tí ẹ bá délé, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tó ń ro yín, tàbí tí èémí yín ṣàdédé kúrú, ẹ má dúró mu àgbo, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kí ìwọ̀n yín ti dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ẹ tó ṣe é. Ẹ ò sọ fún mi ìgbà tí ẹ ti wà ní kílò 79. Bó bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ ní sùúrù, torí tí wọ́n bá gé e lónìí tí ẹ tún bọ́ kílò mẹ́wàá, awọ á tún rọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi dín àpòlúkù rẹ̀ kù, tirẹ̀ ń tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn abẹ yẹn kó tó ṣe é. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó bímọ ná. Ṣúgà yín ńkọ́? Àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún bí oṣù mẹ́ta, èmi máa ń fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 7.5. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó dín oúnjẹ kù láti fọn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ara rẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò fi jinná. Iyán lè dín kù, ṣùgbọ́n ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín kò gbọdọ̀ dín kù láàárín oṣù tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Sìgá àti áásáà gbọ́dọ̀ kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ó kéré tán. Gbogbo àgbo àti oògùn tí ẹ ń lò, títí dé aáyù tí ẹ ń rẹ sínú omi, ẹ kà á fún wọn.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà nítòsí yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ OAUTHC kan náà, ìyẹn ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni òun àti ilé ìwòsàn ńlá ti Ifẹ̀ wà, wọ́n sì lè kọ ìwé rán yín. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ lóṣòó ti dókítà bí òṣómàáló ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè: ẹ má dìde títí yóò fi dáhùn. Ṣé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀? Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ títún ara ṣe, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ní? Ta ni yóò fún yín ní oògùn oorun? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Bí ọgbẹ́ bá là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló máa sanwó àtúntọ́jú? Ẹni tó bá bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ ó wá láàárọ̀, ẹ ó sì padà sọ́jà lọ́la, ẹ sá fún un.

Iye tí wọ́n bá dá, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, oògùn, ẹ̀jẹ̀, aṣọ fífún tí ẹ ó máa wọ̀ mọ́ ikùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti gbogbo ìgbà tí ẹ ó padà wá fún ìtọ́jú ọgbẹ́. Ẹ fi owó ọkọ̀ Iléṣà sí Ifẹ̀ kún un, àti iye tí ìsọ̀ kò ní pa wọlé ní àsìkò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó máa tẹ̀ kòlòbà rìn, torí awọ ikùn á fà. Rọ́bà tín-ín-rín lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn méjèèjì tó ń fa omi sínú ìgò kékeré. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọn omi náà, bí ó bá sì ti ń wá sílẹ̀ sí bí mílílítà 30 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Ẹ lè jókòó ní ìsọ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ọmọ máa bá yín na aṣọ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀lì aṣọ, kẹ́ẹ̀gì omi àti odó iyán, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná jó ikùn yín bí a ti ń ṣe fún ìyá ọmọ tuntun. Abẹ́ ìdodo máa ń kú tipiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn títí lọ, omi á bó yín lára kí ẹ tó mọ̀ pé ó gbóná.

Nítorí àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa yẹn, ẹ má fi iṣẹ́ abẹ náà sí ìtòsí Iléyá tàbí Kérésì tí ọjà aṣọ ń yá. Ẹ wá oṣù tí ọjà bá tutù, tí ọmọ yín obìnrin lè wà nílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ rí dókítà, ẹ mú ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n yín dání. Kí wọ́n gbé ikùn yẹn sókè lójú wọn, kí àwọn náà rí abẹ́ rẹ̀.