Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Ìdáhùn: Àgbàrá Tó Ń Gbẹ́ Ilẹ̀ Wa Lọ

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí òjò àti àgbàrá pọ̀ gan-an, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹjọ́ ìjọba nìkan làwọn èèyàn ń rò, àwọn ọmọ ilé ìwé, kọ́pà, lándílọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan sí i. Mo mú márùn-ún, mo gé àwọn tó gùn kúrú. Ó yá.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà Agric ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì kan n'Íbàdàn, orí òkè ni sùkúù wa wà. Gbogbo ìgbà tójò bá rọ̀ ni àgbàrá ń gbẹ́ ẹ̀yìn kíláàsì SS2, ó ti dé ìpìlẹ̀ báyìí, ẹ lè rí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ níta gbangba. Àwọn ọmọ fẹ́ gbin igi tíìkì síbẹ̀, àwọn òbí kan ní PTA ní ká kàn da kọnkéré sí i. Èwo ni ká ṣe? — Tíṣà Agric, Ìbàdàn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì gbin nǹkan kan, ẹ má sì tíì gbà kí wọ́n da kọnkéré. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi yẹn ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ tójò bá ń rọ̀ tí kò sí mànàmáná, kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ díẹ̀ wọ rénkóòtù, kẹ́ ẹ tọ àgbàrá náà gòkè títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Níbi púpọ̀, ìdí páànù gbọ̀ngàn ńlá tí ò ní gọ́tà lẹ ó bá a, tàbí fíìdì bọ́ọ̀lù tí koríko ẹ̀ ti tán, ilẹ̀ ibẹ̀ ti le gbagidi, omi ò lè rì wọlẹ̀ mọ́, sísáré ló kù tó ń sáré, bó sì ṣe ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ náà ló ń lágbára sí i. Tẹ́ ẹ bá da kọnkéré sídìí kíláàsì láìṣe nǹkan kan sí òkè, abẹ́ kọnkéré yẹn lomi máa wá gbà, á gbẹ́ ẹ lábẹ́ títí tó fi máa dá sórí òfìfo, á sì là.

Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ṣe ìṣirò yìí ní kíláàsì, á yé wọn ju gbogbo àlàyé lọ. Òjò mìlímítà 1 tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, líta omi 1 nìyẹn. Òjò tó rọ̀ n'Íbàdàn ní August 26, 2011, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 100, mìlímítà 187.5 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, láàárín wákàtí díẹ̀ péré. Ẹ wá mú pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, 50 by 100, tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ páànù àti sìmẹ́ǹtì, omi tó máa ṣàn jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó líta 87,000. Tánkì onílíta 1,000, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! Pulọ́ọ̀tì kan o. Ẹ wá ro iye pulọ́ọ̀tì tó wà lókè yín.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ wá nìyí. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní A-frame, kò ju igi mẹ́ta, ìṣó, okùn àti òkúta kan lọ. Ẹ mú igi méjì tó gùn dọ́gba, bíi ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹ kàn wọ́n pọ̀ lórí kí ẹsẹ̀ wọn yà, ẹ kan igi kẹta mọ́ wọn ní ìdábùú, ẹ so okùn mọ́ orí ẹ̀ kí òkúta máa mì dirodiro nísàlẹ̀ ìdábùú yẹn. Ẹ gbé e nàró, ẹ kan pẹ́ẹ̀gì síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá tẹ̀, ẹ fi báírò sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ síbi tí tòsì wà, kẹ́ ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì yẹn gan-an ni ibi tó dọ́gba. Látìgbà yẹn lọ, ẹsẹ̀ kan á dúró sojú kan, ẹ ó máa yí ìkejì títí okùn fi máa bọ́ sórí àmì àárín, ẹ kan pẹ́ẹ̀gì, ẹ tún yí i lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òdìkejì. Ìlà pẹ́ẹ̀gì yẹn ò ní tọ́ o, á máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára òkè, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn fà á tọ́.

Orí ìlà yẹn lẹ máa gbin koríko vetiver sí. Gbòǹgbò ẹ̀ ò tàn kálẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ó lè wọlẹ̀ tó mítà 3, irú èyí tí wọ́n sì máa ń gbìn fún àgbàrá kì í fi èso tàn káàkiri oko olóko. Ẹ ya ìdí ẹ̀ ní kékeré kékeré, ẹ gé ewé ẹ̀ kúrú, ẹ gbìn ín súnmọ́ra, kí àárín ọ̀kan sí èkejì má ju ìbú ọwọ́ kan lọ, torí ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lomi máa gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, April sí May, ni kẹ́ ẹ gbìn ín. Kẹ́ ẹ tún to òkúta dí ojú àgbàrá tó ti gbẹ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, àmọ́ kí àárín òkúta náà rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé èyí, torí tí àárín bá ga, omi á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbẹ́ etí ilẹ̀ yín, ẹ ó wá ní kòtò méjì. Búlọ́ọ̀kù tó ti hàn síta yẹn ńkọ́, ẹ pe bíríkìlà tó mọṣẹ́ kó wò ó kí àwọn ọmọ tó tún jókòó sínú kíláàsì yẹn lásìkò òjò, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé.

Lórí tíìkì, rárá o. Ewé ẹ̀ fẹ̀, omi máa ń kóra jọ sórí ẹ̀, tó bá wá ń kán sílẹ̀ á máa lu ilẹ̀ ju bí òjò fúnra ẹ̀ ṣe ń lù ú lọ, koríko ò sì ń sábà hù lábẹ́ ẹ̀. Igi tó dáa fún pákó ni, kì í ṣe igi tí èèyàn ń fi di ilẹ̀ mú.

Alága CDA ni mí ní àdúgbò kan n'Íkòròdú. A máa ń kó gọ́tà lóṣooṣù, owó ń lọ, síbẹ̀ òjò ẹyọ kan á tún dí i. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ká fi irin ṣe àwọ̀n sẹ́nu kọ́fátì kí láìlọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà má bàa wọlé. Àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa tún ń bá wa jà pé àwa là ń darí omi sí wọn. — Alága, Ìkòròdú

Alága, mo fẹ́ bi yín léèrè kan: iyanrìn àti ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ kó jáde, ibo lẹ dà á sí? Tó bá jẹ́ etí gọ́tà náà ni, ẹ ò tíì kó o. Òjò tó ń bọ̀ á kàn tì í padà sínú. Àdúgbò tí ò bá ní bàrò tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí wọ́n máa fi kó o lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n kúkú kó gọ́tà ojúlé díẹ̀, kí wọ́n sì kó o lọ pátápátá. Iyanrìn yẹn dáa fún kòtò ojú títì, ẹ kàn yọ láìlọ́ọ̀nù kúrò nínú ẹ̀.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ò sì purọ́ mọ́ yín. Koríko là ń gbìn láti òkè wá sísàlẹ̀, gọ́tà ní tiẹ̀, ìsàlẹ̀ la ti ń kó o bọ̀ wá sókè. Tẹ́ ẹ bá la tòkè nígbà tí tìsàlẹ̀ ṣì dí, omi yín á yára dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì níbi tó máa lọ, pálọ̀ wọn ló máa wọ̀. Ẹ lọ bá alága wọn, ẹ lọ fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ mú ọjọ́ kan náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kẹ́yin bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Tí wọn ò bá ní ṣọ́bìrì tó, ẹ yá wọn. Inú mi máa dùn tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí mi padà lórí eléyìí.

Àwọ̀n irin yẹn ò burú, àmọ́ ẹ má fi sẹ́nu kọ́fátì gangan. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè dúró fà á láìwọ inú omi, kó dà sẹ́yìn, kí irin náà sì jìnnà síra wọn. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa kó o lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí àwọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò kó, ìdènà ló ń dà lálẹ́ ọjọ́ òjò. Ògùnpa n'Íbàdàn, August 31, 1980, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní Omíyalé, àwọn tó dàgbà ṣì ń sọ bí pàǹtírí àti ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò ṣe fún omi lọ́rùn títí tó fi gba ìgboro.

Kọ́pà ni mí n'Ípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ gbin igi 500 fún CDS mi kí n tó parí. Ibo ni mo ti lè rí irúgbìn? — Kọ́pà, Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi, mo mọ̀ pé ọkàn rere lo fi ń ṣe é, àmọ́ ta ló máa bomi rin igi 500 ní January tí o bá ti ṣe POP lọ? Gbin ogún, fún ọmọ JSS kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, kó kọ orúkọ mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi ẹ̀gún tàbí pákó ṣọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ìyẹn á ṣẹ́ kù.

Nǹkan tí mo fẹ́ kó o fi sílẹ̀ jù ni ìwé òjò. Gé ọrùn ike omi tó tọ́ lára, da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e, bu omi sí i dé ibi tí ara ike ti tọ́, fi màkà fa òdo síbẹ̀, kó o wá lẹ rúlà mọ́ ọn láti ibẹ̀ lọ sókè. Dorí ọrùn tó o gé kodò sẹ́nu ẹ̀. Gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí igi àti páànù, kí ọmọ kan máa kà á ní aago 9 àárọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì da omi náà padà sí òdo. Ọjọ́ tí omi bá wọ ọjà tàbí ilé, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sára ògiri dé ibi tó ga dé, pẹ̀lú déètì. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì sí mẹ́ta, abúlé yẹn á mọ̀ pé tójò bá ti rọ̀ tó báyìí, kọ́fátì wa ò ní gbà á mọ́, wọ́n á sì ní ohun tí wọ́n máa gbé síwájú kánsù yàtọ̀ sí ẹkún.

Sọ fún wọn kí wọ́n má sinmi kíkọ ọ́ lóṣù August. Gbogbo èèyàn ló ń rò pé òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ ìparí August ni ti 1980, ìparí August náà ni ti 2011.

Ṣé lóòótọ́ ni pé interlock ń fa omíyalé? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Tó bá bo gbogbo kọ́ḿpáùndì, bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ fi ìdí ọgbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ lásán, ẹ gbin koríko Bahama tàbí ewédú síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbe omi páànù sínú tánkì.

Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12, ni mò ń gbé, mò ń ta aṣọ. Ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní poli fẹ́ gbin ọparun sétí odò Ògùn. Ṣé omi ò ní wọlé mọ́? — Ìyá Aláṣọ

Ìyá wa, mi ò ní tàn yín. Omi ṣì máa wọlé. Ọparun máa di etí odò mú kó má ya, ó dáa kí wọ́n gbìn ín, àmọ́ omi tó ń wọlé yín ní September àti October kì í ṣe òjò àdúgbò yín nìkan. Odò Ògùn ń ti òkè bọ̀ jìnnà, dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ inú Ògùn, sì ń gba omi tó tó mítà kíúbíkì mílíọ̀nù 270, tó bá kún wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ lẹ máa rí i. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ọ̀nà tẹ́yin náà ò sì fi ní gbà ni kẹ́ ẹ ti múra kó tó dé.

Iṣẹ́ wà fáwọn ọmọ poli yẹn tó ju ọparun lọ. Kí wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ létí odò, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà gríìnì, yẹ́lò àti rẹ́ẹ̀dì, kí ẹni tó ń gbé nítòsí máa ya fọ́tò ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò. Kí wọ́n gba ìkìlọ̀ tí NIHSA, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ omi odò, àti NiMet, àjọ tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí, ń gbé jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, Haúsá àti Píjìnnì, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Kí wọ́n kọ ilé tí arúgbó, aboyún tàbí aláìsàn wà sílẹ̀, kí ọ̀dọ́kùnrin méjì méjì gba ilé kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé tí òpó bá ti dé yẹ́lò, àwọn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó jáde, kò ní jẹ́ òru tí iná ti lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 112 àti 767, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ̀yin fúnra yín mà, tí September bá ti ń wọlé, ẹ gbé báálì aṣọ kúrò nílẹ̀ sórí àga tó ga ju ìlà omi ọdún tó kọjá lọ, ẹ fi sàtífíkéètì àwọn ọmọ àti ìwé ilẹ̀ sínú láìlọ́ọ̀nù tó dí dáadáa lọ́dọ̀ ẹbí tó wà lókè, kẹ́ ẹ sì pa iná láti ojú mítà kí omi tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí omi bá ti wọ kànga, ẹ má mu ún mọ́ títí wọ́n fi máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì da kúlórínì sí i.