Òwe "oṣù lé, wọ́n ní kò gún" ò kan oòrùn olórùka

Ẹnì kan bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé òwe "oṣù lé, wọ́n ní kò gún" ń sọ nípa ìgbà tí òṣùpá bo oòrùn tó wá ṣẹ́ ku òrùka iná létí ẹ̀, bíi ti Bràsíl ní 14 October 2023. Ta ló tún kọ́ yín nìyẹn? Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lórí rédíò kan rí, inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ pa òwe tán ná: ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe. Àwọn tó ń rí àléébù sí gbogbo nǹkan ló ń bá wí. Oṣù tuntun ni oṣù ibẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ nírọ̀lẹ́, tó máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ tiwa. Ojú ti rí i kẹ́nu tó ní kò gún! Ọjọ́ tó bá bo oòrùn ńkọ́? Àárín àwa àti oòrùn ló wà, ojú ẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kọ sọ́hùn-ún, ó di bí ọjọ́ kan sí méjì kó tó lé.

Jíjìnnà ló ń fa òrùka. Nígbà míì òṣùpá á sún mọ́ wa tó nǹkan bí 363,000 kìlómítà, nígbà míì á jìnnà tó 405,000, tó bá ti jìnnà ó kéré lójú, kò bo oòrùn tán mọ́, bí ọmọrí tí ò tó ẹnu ìkòkò. Bàbá mi ló fi kọ́bọ̀ hàn mí níwájú gílóòbù pálọ̀: ó gbé e sún mọ́ ojú mi, kọ́bọ̀ bo iná pátá, ó wá ń sún un lọ díẹ̀díẹ̀ títí iná fi yọ yí etí kọ́bọ̀ ká. Ọ̀nà òṣùpá tó dagun díẹ̀ ni ò jẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù.

Láàárọ̀ 29 March 2006 tí òṣùpá ń bo oòrùn, abẹ́ igi máńgòrò wa kún fún oòrùn kéékèèké tí nǹkan gé jẹ, àárín ewé ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n fi ń mọ oṣù, wọn ò mọ ibi tó ń gbà yọ.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé 6 February 2027, olórùka ń bọ̀ gba Accra, Lomé àti Kútọnu dé Èkó, bí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Ẹ má fojú lásán wò ó o, bí ọyẹ́ tiẹ̀ sọ ọ́ di pupa. Òṣùpá yẹn náà làwọn tó ń wá oṣù ààwẹ̀ máa fojú wá lọ́jọ́ kejì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó pa òwe yín.