Kí ẹ tó gbà pé ọ̀lẹ ni tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ jẹ́ kí dókítà wo họ́mọ̀nù wọn

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní oṣù kẹjọ rèé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, apá àti ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ oorun ni wọ́n ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, otútù ń mú wọn nínú ooru, oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá sì fi lọ̀ ló ń sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún odindi oṣù márùn-ún, ohun tójú mi rí nídìí ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọkọ mi ni tèmi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nísàlẹ̀ ọpọlọ wọn. Lọ́jọ́ tá a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ṣúgà wọn ga fíofío, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní àtọ̀gbẹ rí. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye pé tí ọpọlọ bá fara gbá irú nǹkan báyìí, ara á da cortisol àti àwọn họ́mọ̀nù mìíràn (èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́) tó fi ń kojú ìnira sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń ti ṣúgà sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wálẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù ti parí síbẹ̀ nìyẹn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tá a ti dé ilé, mo ní kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ ká lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wọn na ẹsẹ̀. Mo lọ wẹ̀, mo múra tán, mo padà wá bá wọn létí bẹ́ẹ̀dì. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun yá a máa gbìyànjú. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn gbé ìbọ̀sẹ̀ náà lé orúnkún. Títí dòní, tí mo bá ń ká aṣọ tọ́wọ́ mi sì kan ìbọ̀sẹ̀ wọn, ó máa ń dùn mí.

Dókítà fún wọn ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan fi burú sí i: orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń bì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dà bíi tẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ní rọpárọsẹ̀ kejì ti dé. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí: sodium wọn, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 121, bẹ́ẹ̀ 135 sí 145 ló yẹ kó jẹ́. Irú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń lò lè já sodium wálẹ̀, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú èèyàn tọ̀ náà lè ṣe é, méjèèjì ni ọkọ mi sì ń lò pọ̀. Àwọn dókítà dá oògùn méjèèjì dúró, wọ́n wá ń rọra gbé sodium náà sókè. Inú ń bí mi pé wọ́n ń fi falẹ̀, àfìgbà tí wọ́n ṣàlàyé pé tó bá yára gòkè jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ó dé 129, ó dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí dókítà kékeré kan fi béèrè pé, “Ṣé ẹnì kankan ti wo cortisol wọn láàárọ̀?” Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ẹṣẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mọ̀nù, wà tó so rọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, pituitary ni wọ́n ń pè é, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ ọrùn, sí àwọn ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín, sí kórópọ̀n ọkùnrin tàbí ilé ẹyin obìnrin. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ya sí àdúgbò rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ tó ń rán lè dáwọ́ dúró, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn ẹṣẹ́ tó kù ò ṣàìsàn, wọn ò kàn gbọ́ ìpè ni. Bí cortisol ọkọ mi ṣe lọ sílẹ̀ nìyẹn, tó fa sodium lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ hydrocortisone, oògùn tó ń dípò cortisol. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi béèrè kí la fẹ́ jẹ. Mo sá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Họ́mọ̀nù ẹṣẹ́ ọrùn náà ti lọ sílẹ̀, àmọ́ wọn ò fún wọn ní oògùn rẹ̀ títí cortisol fi dúró dáadáa, torí ẹni tí cortisol rẹ̀ ò tó, tó bá kọ́kọ́ lo thyroxine, ìyẹn oògùn ẹṣẹ́ ọrùn náà, ó lè dá a dùbúlẹ̀ pátápátá. Ẹ sì kíyè sí i: TSH, ìyẹn họ́mọ̀nù tí pituitary fi ń pe ẹṣẹ́ ọrùn, nìkan ni wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ pé láti òkè, níbi pituitary, ni ìṣòro ti wá, TSH lè dà bíi pé ó wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ ní kí wọ́n wo free T4, họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ ọrùn fúnra rẹ̀ ń ṣe, mọ́ ọn. Ní ti cortisol, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, tọ̀sán ò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, náà kéré, ọ̀rọ̀ yàrá sì ti dákẹ́ láàárín wa tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wò ó, láàárọ̀ méjèèjì. Wọn ò tíì fún wọn ní nǹkan kan fún un, torí ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ki, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí sì ni wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún bàbá lábẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi ò lè fi hydrocortisone sílẹ̀ lójijì. Tí ibà bá mú wọn, a máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí dókítà ṣe ní ká ṣe. Tí wọ́n bá ń bì, abẹ́rẹ́ ni, ọ̀nà ilé ìwòsàn la ń gbà lọ.

Ṣé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá wà nílé? Ẹ wo ìlà sodium, kí ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá rí àti orúkọ gbogbo oògùn wọn sínú ìwé, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Tí wọ́n bá ti ń bì tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà ní kí ẹ wá. Alẹ́ òní ni kí ẹ gbé wọn lọ.