Ẹ Bi Wá: Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Tó Ń Ké Kẹ́-kẹ́-kẹ́

Ìbéèrè: Alùpùpù mi jẹ́ 125cc oní-píìsìtìn kan, ó sì ti rìn tó 80,000 kìlómítà. Bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Tó bá gbóná tán, ìró náà á dínkù, ṣùgbọ́n kì í tán. Mẹkáníìkì kan ní kí n jẹ́ kí òun tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, kí òun pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì jẹ́ kí ó tú u. Ìgbà tí ariwo ń wá àti ìgbà tó ń lọ la fi ń mọ àrùn ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Píìsìtìn máa ń wú bó bá gbóná, àyè tó wà láàárín òun àti ògiri sìlíńdà á sì fún. Ìdí nìyẹn tí ìró píìsìtìn tó ti jẹ fi máa ń lọ sílẹ̀ bí ooru bá dé. Ti ìdí kòǹrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so píìsìtìn mọ́ kíráńkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀) yàtọ̀: ooru ló ń mú un burú sí i, torí ọ́ìlì á ti ṣàn jù. Bí tiyín ṣe ń dínkù láìtán yẹn, ó jọ pé ìró méjì ló wà níbẹ̀: ti píìsìtìn, àti ti tápẹ́ẹ̀tì (ibi tí apá irin kékeré tí à ń pè ní rọ́kà ti ń tẹ fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín) tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé alùpùpù náà dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́. Ìwé ìlò alùpùpù náà ni yóò sọ bóyá ẹ ó de ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì mọ́lẹ̀ tàbí ẹ ó kàn gbé e lé ojú ihò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì irú èyí kì í gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ, nítorí náà bí 300 mílílítà bá dín, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ó kan tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ yí fíláwíìlì (àgbá irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì) títí àmì T tó wà lára rẹ̀ yóò fi bá ojú àmì ara ilé rẹ̀. Kí rọ́kà méjèèjì máa mì díẹ̀. Bí wọn ò bá mì, ẹ yí i ní odindi ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ìwọ̀n àyè tápẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìwé ni kí ẹ lò. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ó wà láàárín 0.05 sí 0.10 mm. Kí fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè) wọlé pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, ẹ tún un wọ̀n, torí dídè yẹn gan-an máa ń yí ìwọ̀n náà. Ẹ má sì fún un jù nítorí kó lè dákẹ́: fáàfù tí kò rí àyè padé dáadáa yóò jóná. Èyí tó ń dún díẹ̀ sàn jù ú lọ.

Bí ariwo òwúrọ̀ ṣì wà, ẹ da ṣíbí ìmutí kan ọ́ìlì sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ ta á ní kíìkì bíi mẹ́fà, ẹ dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, kí ẹ ṣáná sí i. Á rú èéfín, ẹ má bẹ̀rù. Bí ìró náà bá lọ fún ìgbà díẹ̀ tó sì padà, píìsìtìn àti sìlíńdà ló ti jẹ. Kò tíì di kánjúkánjú bí kò bá mu ọ́ìlì. Ọjọ́ tó bá yá, wọn á gbẹ́ sìlíńdà, wọn á fi píìsìtìn tó fi 0.25 tàbí 0.50 mm tóbi sí i. Kíráńkì àti gíà kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ìró ayédèrú náà wà, tí kì í ṣe ti píìsìtìn tàbí tápẹ́ẹ̀tì. Bí ariwo bá yí padà nígbà tí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, inú kílọ́ọ̀ṣì ló ti ń wá. Bí dúdú èéfín bá lẹ̀ mọ́ ibi tí páìpù sàlẹ́ńsà ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló ń jò, ìró rẹ̀ sì jọ ti tápẹ́ẹ̀tì gidi gan-an. Èyí tó ń mì wàrà-wàrà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ ọwọ́ iná tí ẹ fi ń mú un sáré, táímìn ṣéènì (ẹ̀wọ̀n inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò) ni, àyàfi bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ̀pá ti fáàfù, torí irú wọn kì í ní ṣéènì yẹn.

Èyí tí a ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni gbì-gbì tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó ń le sí i bí ẹ bá gun òkè tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án: ègé tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ó lè jẹ́ ti bẹ́rìn. Bí wọ́n bá yọ sìlíńdà, kòǹrọ́ọ̀dù lè mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ mì sókè sílẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da ọ́ìlì mọ́tò tó ki dáadáa sí i kí ariwo náà lè rọlẹ̀?

Ìdáhùn: Etí yín nìkan ni yóò tàn. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń pẹ́ kó tó dé orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni orí náà sì ń wá a. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò tún ní èròjà tó ń mú kí nǹkan yọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì kan náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ wo ara agolo rẹ̀: ẹ wá àmì JASO MA tàbí MA2, tó ń fi hàn pé ọ́ìlì náà yẹ kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù, kí nọ́mbà kíki rẹ̀ sì bá ti inú ìwé mu.