Íǹkì Tó Ń Ṣí Kúrò Lára Aṣọ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ṣómólú ni mo ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Íǹkì plastisol tí mo ń lò máa ń dára lójú, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti fọ aṣọ náà, á sán, á sì máa ṣí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ooru ni kò tó. Afẹ́fẹ́ tàbí oòrùn kì í mú plastisol gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 160°C, láti ojú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ tó ti kan aṣọ, kí ó tó lè jinná, ìyẹn ni pé kí ó gan, kí ó sì di aṣọ mú. Bí ooru bá kàn ràn án fẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò gbẹ, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ kàn án kò ní mọ̀. Aṣọ tó ní ọ̀rinrin, bó ṣe máa ń rí nígbà òjò l'Ékòó, tún máa ń jẹ nínú ooru náà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ooru mú un gbẹ. Bí aṣọ bá ti tutù, ẹ fà á díẹ̀: bí íǹkì bá sán, ẹ dá a padà sídìí ooru. Àmọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún aṣọ pọliẹ́sítà (aṣọ tí a fi òwú oníke hun) o, torí ooru púpọ̀ lè mú kí aró aṣọ ru wọ inú íǹkì. Íǹkì tí ooru kékeré ń mú jinná ni kí ẹ rà fún un.